Orúkọ Òyìnbó Nínú Ìdílé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Bí A Ṣe Ń Tọ Orísun Rẹ̀

Bí Cole, Taylor, Williams tàbí Johnson bá jẹ́ orúkọ ìdílé yín, ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló sì gbé e wọlé yín? Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ni í máa wá bàbá ńlá rẹ̀ kiri Lọ́ńdọ̀nù.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ni orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Aránṣọ ni Taylor, ọmọ John ni Johnson. Cole lẹ ó ṣọ́ra fún: ó lè jẹ́ ẹni tó dú bí èédú, ó sì lè jẹ́ ìgékúrú Nicholas. Ẹ má fowó ra àwòrán asà tí wọ́n ń pè ní àmì ìdílé o. Ẹnì kan àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló ń ni irú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Èkejì gan-an niṣẹ́. Ìjẹ̀bú kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn míṣọ́nnárì dáadáa títí di ogun Ìmàgbọn, èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ní 1892. Nítorí náà, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tó pẹ́ jù nílùú yín lẹ ó kọ́kọ́ béèrè fún. Ẹ da orúkọ ọmọ, ti bàbá, agboolé àti ọjọ́ kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, àṣìkọ pàápàá, torí ẹnì kan lè ní sípẹ́lì mẹ́ta. Bí bàbá bá jẹ́ Johnson níbi ìrìbọmi, tí ilé ìwé wá fi Johnson ṣe orúkọ ìdílé fáwọn ọmọ, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti wà ṣáájú 1892, ẹ wo Èkó àti Abẹ́òkúta. Láti nǹkan bí 1839 làwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àtàwọn ọmọ wọn, ti ń ti Freetown ní Sierra Leone bọ̀ wálé, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń jẹ́ orúkọ òyìnbó.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ẹ má béèrè ibi tí orúkọ ti wá. Wọ́n á kàn ní bàbá àwọn ló ń jẹ́ ẹ. Ẹ bi wọ́n pé, “Kí ni wọ́n ń pè é kó tó ṣèrìbọmi?” Ẹ gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára sàréè tó wà nínú ọgbà. Bí gbólóhùn wọn bá takora, ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, kẹ́ ẹ béèrè fáìlì ẹkùn Ìjẹ̀bú. Orúkọ agboolé ni kẹ́ ẹ fi wá a, ẹ má fi Johnson nìkan.