Ojú ajá tàbí ẹṣin yín pọ́n? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kán nǹkan sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ṣin, tójú ẹran yín bá ṣàdédé pọ́n, ẹ má tíì sáré lọ kẹ́mísì o. Dúrọ́ọ̀pù tí wọ́n sábà máa ń nà síni níbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ní dexamethasone tàbí betamethasone nínú, stẹ́rọ́ìdì nìyẹn, oògùn tó ń mú kí pípọ́n àti wíwú rọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá kán an, ojú á mọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ó ní ó ti ń san. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀gún tàbí èékánná ológbò ló ha ẹyinjú yẹn, stẹ́rọ́ìdì ò ní jẹ́ kójú egbò pàdé, kòkòrò á ráyè wọ ibẹ̀, egbò á máa jinlẹ̀ sí i, títí ẹyinjú á fi bẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí ojú tí ì bá san láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló ń fọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ojú lásán ò sábà rí egbò ọ̀hún. Dókítà ẹran ló máa kán oògùn aláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fluorescein sí i, ibi tó bó lára ẹyinjú á yọ gíríìnì kedere, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi stẹ́rọ́ìdì kan ojú náà.

Ohun tẹ́yin fúnra yín lè ṣe nílé ni pé kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹ mú ẹran náà lọ síbi tí ò mọ́lẹ̀ jù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án sí i lójú gangan, kẹ́ ẹ wá fi ojú ọ̀tún wé tòsì. Ṣé ó ń di ojú kan pa? Ṣé ó ń fi ẹsẹ̀ nu ún, tàbí ó ń sá fún ìmọ́lẹ̀? Ṣé ipin tó ń yọ mọ́ bí omi ni, àbí ó ki, tó jẹ́ yẹ́lò tàbí gíríìnì? Ṣé iwájú ẹyinjú mọ́ gaara, àbí ó ti ṣú bí dígí tí ooru bò? Ṣé ẹyinjú kan tóbi ju èkejì lọ? Ti ẹṣin tún ní àmì kan tó dá mi lójú púpọ̀: ẹ dúró síwájú rẹ̀, ẹ wo irun ìpéǹpéjú òkè, tí ara bá dá ẹṣin, irun yẹn á nà síta gbọọrọ, tójú bá ti ń dùn ún, ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á kọrí sílẹ̀, kódà kójú tó pọ́n rárá.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn tó hàn lójú ló jẹ́ tojú o. Ọmọ ajá tí ò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ipin kíki bo ojú rẹ̀ méjèèjì, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tó ń húkọ́, tí ò jẹun, distemper, àìsàn ajá tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ló ṣeé ṣe kó jẹ́, ẹ tètè gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ajá yòókù. Ajá tójú rẹ̀ dédé di búlúù, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí trypanosome, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ajá nílẹ̀ wa níbí, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń kó ràn wọ́n náà máa ń ba ojú jẹ́. Dúrọ́ọ̀pù nìkan ò lè wo ìwọ̀nyẹn.

Ti ẹran pupa tó ń yọ ní kọ̀rọ̀ ojú ọmọ ajá bulldog tàbí Boerboel, ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni gé e jù nù, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi ojú ti ń wá, wọ́n máa ń rán an padà sáyè ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá gé e, ojú lè gbẹ títí ayé ajá náà.

Tí ejò sèbé bá tu oró sí ajá lójú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa bù dà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má wá ewé kankan. Tí ẹyinjú ajá Lhasa bá yọ síta lẹ́yìn ìjà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ́ ẹ rin sínú omi iyọ̀ bò ó, ẹ má tì í wọlé, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Omi iyọ̀ ọ̀hún rọrùn: ìlàjì lítà omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí ò ga. Ẹ fọwọ́, ẹ rin òwú sínú ẹ̀, ẹ nu ipin láti igun ojú lẹ́bàá imú bọ̀ síta, òwú ọ̀tọ̀ fójú kọ̀ọ̀kan. Títí tẹ́ ẹ fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, oògùn ìpara ojú tetracycline 1% tí ò ní stẹ́rọ́ìdì ṣeé lò, àyàfi tí ẹyinjú bá ti bẹ́. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ tẹ oògùn díẹ̀ síbẹ̀, ẹnu túùbù ò gbọ́dọ̀ kan ẹyinjú. Ẹ má fún ajá ní ibuprofen nítorí ìrora, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò fẹnu kan paracetamol láéláé, ó ń pa wọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin tẹ́ ẹ ń gun Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, eruku àti èéfín ìbọn pọ̀ níbẹ̀, ẹ rí i pé ọ̀ṣọ́ orí ẹṣin ò máa na ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi omi iyọ̀ ṣan án tẹ́ ẹ bá délé. Èyí tójú rẹ̀ ń dùn, tó lọ, tó tún padà wá, uveitis ló ṣeé ṣe kó jẹ́, ìyẹn wíwú inú ẹyinjú, ó wà lára ohun tó ń fọ́ ẹṣin lójú jù lágbàáyé, ìgbàkígbà tó bá padà wá ni kí dókítà rí i, torí ọgbẹ́ tó ń fi síbẹ̀ kì í lọ.

Ilé ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì Ìbàdàn, FUNAAB l'Ábẹ́òkúta àti Ìlọrin. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti kán sí i dání, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tójú náà kọ́kọ́ pọ́n.