Ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ há: bí mo ṣe ń kùn ún lóorun

Abuja ni mo ti ń kun àwọn ọmọdé lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ní àrùn Hurler tàbí Hunter, àrùn àjogúnbá méjì tó jọra, ni mo máa ń múra sílẹ̀ fún jù. Ṣúgà ẹlẹ́wọ̀n gígùn tí ara wọn ò lè wó palẹ̀ ń kó jọ sí ahọ́n, bẹ́lúbẹ́lú àti gògóńgò, ọ̀nà èémí sì ń há sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Bó bá rọrùn ní èṣín, má gbọ́kàn lé e.

Bi ìyá ọmọ léèrè bó ṣe ń sùn. Ọ̀kan sọ fún mi pé, “Dókítà, bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á dákẹ́, màá sáré jí i.” Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ọmọ náà sùn lọ́jọ́ náà.

Sevoflurane, oògùn oorun tí ọmọ ń fà símú, ni kí o lò, díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ máa mí fúnra rẹ̀. Má fún un ní oògùn tó ń rọ iṣan kí ọ̀nà èémí tó dájú. Bí máàsìkì bá kọ̀, fi LMA, máàsìkì kékeré tí a ń tì sí ọ̀fun, sí i; inú rẹ̀ náà ni kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ọ̀nà èémí lè gbà wọlé. Yẹ bátìrì kámẹ́rà yẹn wò, iná lè lọ nígbàkigbà. To túùbù èémí tó kéré ju ti ọjọ́ orí ọmọ náà sítòsí.

Ti ọmọ tó ní Morquio, àrùn mìíràn nínú ẹbí kan náà, má fa ọrùn sẹ́yìn rárá! Egungun ọrùn lè yẹ̀.

Kí dókítà ọ̀fun wà nínú yàrá látìbẹ̀rẹ̀. Má yọ túùbù àfi tó bá ti lajú gedegbe.