Bí a ṣe ń di oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ fákítọ̀rì

Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù ní fákítọ̀rì látàárọ̀ dalẹ́ lè nílò kálórì 3,000 sí 3,500 lójúmọ́. Bọ́rẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ẹnu géètì fákítọ̀rì l'Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn ò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ di oúnjẹ fún un láti ilé.

Lálẹ́, ẹ ṣa ẹ̀wà, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi. Olóyin ni kí ẹ rà lọ́jà Bódìjà, ó máa ń tètè rọ̀, kì í jẹ gáàsì. Láàárọ̀, ẹ sè é, ẹ se ìrẹsì náà, ẹ din ata. Ẹ má ṣahun òróró: gíráàmù kan rẹ̀ ní kálórì 9, ó ju ìlọ́po méjì ti iṣu tàbí gàrí lọ. Ẹja ṣáwá ni kó bá a rìn, kì í ṣe pọ̀nmọ́. Bí ẹja bá wọ́n, ẹyin sísè méjì.

Kúlà ló kù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́.

Wọ́n á bu oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á lọ wẹ̀ fọ́mọ, wọ́n á padà wá dì í nígbà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kúlà ò kúkú ń dáná. Ooru tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀ ló ń pa mọ́. Kí ó tó di aago méjìlá, ẹ̀wà ti kan, ó ń fà bí ilá.

Ìrẹsì tún burú jù ú lọ, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í pa tán. Bó bá wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò náà á tú oró sílẹ̀, iná kì í sì í pa oró yẹn. Ẹ gbé e gbóná títí, èébì ṣì ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ da omi híhó sínú kúlà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù. Látorí iná tààrà ni kí ẹ ti bu oúnjẹ sí i, kó kún dé ọrùn. Onírin ló dára jù. Onírọ́bà ni tèmi, aṣọ ìnura àlòkù ni mo fi ń wé e nílọ̀ọ́po méjì. Kó má sì ṣí i tọ́ wò nínú bọ́ọ̀sì o!

Àmàlà ń bẹ nílé dalẹ́. Ẹni tó yó o bámúbámú ò gbọdọ̀ dúró ti ẹ̀rọ. Bí ibi iṣẹ́ bá gbóná, kó máa mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, kó má dúró de òùngbẹ. Kó jẹ ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀wà, kí ara lè gba èròjà áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà dáadáa. Tíì máa ń dí i lọ́wọ́, ó di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.