Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Ba Fáìlì Jẹ́: Àṣìṣe Àwọn Tó Fẹ́ Mú Ọkọ Tàbí Aya Wọn Wá Sí Kánádà

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn tọkọtaya to ìwé tí wọ́n fi ń bẹ ìjọba Kánádà pé kó jẹ́ kí èkejì wọn wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó ń ká mi lára ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀ fún kì í ṣe ayédèrú tọkọtaya. Ìgbéyàwó wọn dájú, ẹbí méjèèjì mọ̀ sí i, ìwé tí wọ́n tò ló pa wọ́n. Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀, n ò ní tún un sọ: ẹni tó ń ṣe spọ́ńsọ̀, ìyẹn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí èkejì rẹ̀ wá, gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó jẹ́ ọmọ ìlú Kánádà tàbí ẹni tó ní PR, àṣẹ láti máa gbé Kánádà títí lọ, ẹni tó ní PR ò sì lè máa gbé níta Kánádà kó máa ṣe é.

1. Kíkọ “àpọ́n” nígbà tí ẹ ti níyàwó tàbí tí ẹ ti lọ́kọ

Èyí ló ń bí mi nínú jù. Nígbà tí arákùnrin ń wá PR tirẹ̀, ejẹ́ǹtì á ní kó kọ ọ́ pé òun ò níyàwó. Ó ní owó tí wọ́n máa ní kó fi hàn ní báńkì á kéré, máàkì rẹ̀ á sì ga sí i. “Tó o bá ti débẹ̀, wàá ránṣẹ́ pè é.” Irọ́ ni. Abala 117(9)(d) nínú ìlànà ìgbélùú Kánádà sọ ọ́ kedere: ọkọ, aya tàbí ọmọ tí ẹ kò dárúkọ nígbà tí ẹ ń gba PR, tí wọn ò sì yẹ̀ wò nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè ṣe spọ́ńsọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹbí mọ́. Òfin yẹn ò ní iye ọdún tó máa fi dópin.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé kò sídìí fún irọ́ náà. Nínú Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń ka máàkì láti yan àwọn òṣìṣẹ́ tó máa gba PR, ẹ lè dárúkọ ìyàwó yín kí ẹ sì sọ pé kò ní bá yín wá báyìí. Wọ́n á ka máàkì yín bíi ti ẹni tó dá wá. Wọ́n á ṣì ṣe àyẹ̀wò ìlera fún un, ẹ ó sì fi owó tó tó ènìyàn méjì hàn. Àmọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti wá lẹ́yìn ò ní sọnù.

Àwọn míì á ní, “A ò tíì lọ kọ́ọ̀tù, ìdána nìkan la ṣe.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Òfin Nàìjíríà ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá ti gba owó orí, tí wọ́n sì ti fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́, ó ti parí. Kánádà náà á béèrè bóyá ìgbéyàwó náà bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tí kò ṣe ìdána rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti jọ gbé pọ̀ bíi tọkọtaya fún odidi ọdún kan láìdá a dúró, àwọn náà kì í ṣe àpọ́n lójú òfin Kánádà.

Ẹnì kan gbé fáìlì rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó kọ “àpọ́n”, ó gba PR, ó padà sílé lọ ṣe kọ́ọ̀tù, sátífíkéètì kọ́ọ̀tù yẹn ló sì fi ránṣẹ́. Kí ẹ̀rí lè pọ̀, ó kó fọ́tò ìdána mọ́ ọn. Nínú ọ̀kan, ìyàwó jókòó láàárín àwọn àǹtí rẹ̀, àwọn ike tí wọ́n pín fún àlejò wà lórí tábìlì níwájú wọn, orúkọ ọkọ àti aya wà lára ike, ọjọ́ ìgbéyàwó sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ọjọ́ náà ṣáájú ọjọ́ tó wọ Kánádà. Ọ́fíìsà mọ̀wé kà. Wọ́n kọ̀ fún ìyàwó, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ọkọ pé kó wá ṣàlàyé bó ṣe rí PR tirẹ̀ gbà, nítorí ẹni tó bá parọ́ fún wọn lè pàdánù PR, kí wọ́n sì tì í síta fún ọdún 5. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní IAD ò lè fi àánú bá a wò ó, nítorí lójú òfin, obìnrin náà ò sí lára ẹbí rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìlànà onígbà díẹ̀ kan fún irú wọn, àmọ́ ẹni tí kì bá má rí PR gbà ká ní ó sọ òótọ́, ìlànà yẹn ò bò ó.

Ẹ̀yin tí ìwé PR yín ti jáde, tí ẹ fẹ́ sáré ṣègbéyàwó kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ̀wé sí IRCC, iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń bójú tó ìgbélùú, kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá dákẹ́ títí tí ẹ fi balẹ̀, ẹ ti fi ìyàwó sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

2. Ìgbéyàwó tí ọ̀kan ò sí níbẹ̀

Ọkọ wà ní Calgary, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, àbúrò rẹ̀ bá a dọ̀bálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń wò ó lórí Zoom. Àwọn òbí ti gbà, àdúrà ti gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2015, Kánádà ò ka ìgbéyàwó tí ọkọ àti aya ò jọ fojú ara wọn wà níbẹ̀ sí ìgbéyàwó tí wọ́n lè fi ṣe spọ́ńsọ̀. Àwọn ọmọ ogun Kánádà tí iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n lè wá nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe ayẹyẹ yín. Ẹ ṣe é, kí ẹ sì wá ọ̀nà kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dúró níwájú ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti so yín pọ̀, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe spọ́ńsọ̀.

3. Kíkó gbogbo WhatsApp ránṣẹ́

Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn sọ pé fọ́tò kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ kò sì gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé 10. Ẹ ṣa èyí tó kárí ọdún, tó sì ní àwọn òbí àti ọ̀rẹ́ nínú. Fọ́tò 20 tí ẹ yà lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kan péré ló fi hàn. Inú IMM 5532, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè nípa ìbáṣepọ̀ yín, ni kí ẹ ti sọ ìtàn yín. Bí màmá ìyàwó ò bá wá síbi ìgbéyàwó, ẹ sọ ìdí. Bí aya bá fi ọdún púpọ̀ ju ọkọ lọ, ẹ má dákẹ́ kí ọ́fíìsà máa rò ó fúnra rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ẹni tó ti wà nínú ìfẹ́ fún ọdún mẹ́jọ ti kọ “a pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, a fẹ́ràn ara wa”, ó sì parí síbẹ̀.

Àwọn yòókù yìí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn.

Ẹ má fi àlàfo oṣù kan sílẹ̀ nínú ìtàn ọdún 10 tí wọ́n béèrè. Bí ẹ ò bá níṣẹ́ nígbà náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ọlọ́pàá: gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹni tó ń bọ̀ ti gbé tó oṣù mẹ́fà láàárín ọdún 10 ni wọ́n ń béèrè, títí kan ibi tó ti kàwé.

Ẹni tí ọkọ tàbí aya àtijọ́ ṣe spọ́ńsọ̀ fún ò lè ṣe é fún ẹlòmíràn kó tó pé ọdún 5 tó ti gba PR.

Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ má fi ti Ontario ṣe é.

Gbogbo ọmọ ni kí ẹ dárúkọ, títí kan èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá míì. Abala 117 yẹn ń dúró dè yín.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣe é nínú Kánádà tàbí láti ìta yẹ ní àlàyé díẹ̀. Àwọn tó jọ wà ní Kánádà máa ń yan ti inú ilé nítorí ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀ yín níbẹ̀, kò sí ẹ̀tọ́ láti lọ sí IAD. Bí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún bá sì rìnrìn àjò tí wọn ò jẹ́ kó padà wọlé, fáìlì yẹn wà nínú ewu, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ jọ máa gbé ní Kánádà.

Ìlérí pé ẹ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀, tí ẹ fọwọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù IMM 1344, ọdún 3 ni, láti ọjọ́ tí ó bá gba PR. Bí ẹ bá kọ ara yín sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì dè yín, bó bá sì gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ̀yin lẹ máa dá a padà. Mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń halẹ̀ mọ́ ìyàwó pé àwọn á “gba PR padà” bí kò bá pé ọdún méjì nílé àwọn. Òfin ọdún méjì yẹn ti parí láti ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2017. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tí ẹ mọ̀.

Owó: nígbà tí wọ́n yí i padà ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2024, dọ́là Kánádà 85 ni ti spọ́ńsọ̀ nígbà náà, 545 ni ti iṣẹ́ lórí ìwé, 575 ni ti ẹ̀tọ́ PR, ó di 1,205, ìka títẹ̀ sì jẹ́ 85 lọ́tọ̀. Wọ́n máa ń yí i padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ máa san án. Wọ́n ń dá owó ẹ̀tọ́ PR padà bí wọ́n bá kọ̀. Ti iṣẹ́ lórí ìwé, bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín tí kò fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú fọ́ọ̀mù aṣojú, IMM 5476, ẹ sá fún un. Lọ́yà tàbí paralegal tó wà nínú ẹgbẹ́ amòfin ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, nótárì Quebec, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé College of Immigration and Citizenship Consultants nìkan ni òfin fún láyè láti gbowó.

Bí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá dé lórí èyí tí ẹ ṣe láti ìta, ọjọ́ 30 ni ẹni tó ṣe spọ́ńsọ̀ ní láti pẹjọ́ sí IAD. Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé gan-an, kí ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ ọ́fíìsà. Ẹ má tún san gbogbo owó yẹn kí ẹ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ padà, nítorí ẹni tó máa kà á á kọ́kọ́ ṣí fáìlì tí wọ́n ti kọ̀.