Èkó sí Ìbàdàn: bí ẹ ṣe máa yan ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń du èrò

Lábẹ́ bíríìjì Berger ní àárọ̀ kùtù, ọwọ́ mẹ́ta lè na báàgì yín lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìbàdàn! Ìwó Road! Challenge! Ẹnì kan ló kù, ẹ wọlé!" Àyè ìjókòó kan ni wọ́n ń dù yẹn. Hiace, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hummer, máa ń kó èrò bíi 14. Tí àyè kan bá ṣófo, ìdá kan nínú mẹ́rìnlá owó ìrìn yẹn ti lọ, epo tí ọkọ̀ máa jó ò sì ní dín. Láti 29 May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, àyè kan ṣoṣo yẹn ti di ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fa aṣọ ara wọn ya.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè pé èló ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa mú kí ọkọ̀ gbéra. Ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kún ló ń lọ. Òmíràn ń lọ tí aago bá ti lù. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí awakọ̀ bá ti rí èèyàn mẹ́ta, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ iná nìyẹn. Owó tí wọ́n ń pè fún yín kò ní ìtumọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọkọ̀ gáréèjì

Ní Ọjọ́ta, Berger àti Òṣòdì, orí ìlà ni ọkọ̀ ń tò sí. Èyí tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gba èrò, ẹlẹ́ẹ̀kejì ò sì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn títí tiwájú á fi kún. Awakọ̀ ti san owó lọ́ọ̀dù, ìyẹn owó tí gáréèjì ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó lè kó èrò, kò lè fi ààbọ̀ èrò jáde kó sì jèrè. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín pé ẹ fẹ́ ná owó ọkọ̀ níbẹ̀, iye kan náà ni fún gbogbo èyí tó wà lórí ìlà. Owó ẹrù lẹ lè ná. Ìgbà tí báàgì ṣì wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ ná an o, torí tí wọ́n bá ti ti bùùtù pa, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa pè.

Ohun tó ń jẹ èèyàn lákòókò níbẹ̀ ni ìdúró. Ẹ lè ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ bá èèyàn 4 nínú Hummer, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, 9 ló kù. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ ka iye tó wọlé. Tó bá jẹ́ èèyàn 2, ọkọ̀ yẹn ṣì máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kó tó gbéra. Tó bá jẹ́ 5, ẹ wọlé kíá.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún kíkà yẹn, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó ló ń lọ sí Ìbàdàn. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn gbé sínú ọkọ̀ kó lè dà bíi pé ó ti fẹ́ẹ̀ kún. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn: sílípáàsì ni, kò sí báàgì lórí itan, kò sí nǹkan kan lábẹ́ àga. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí, wọ́n á máa bá agbèrò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọra tipẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń jókòó báyìí ni ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ pé òun fẹ́ ra omi, kò sì ní padà wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí irú ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ wọn kúrò nínú ìṣirò yín. Ẹ má sì sanwó títí ọkọ̀ á fi kù díẹ̀ kó gbéra. Ẹni tó ti sanwó ò lè bínú sọ̀ kalẹ̀ mọ́, àwọn náà sì mọ̀.

Sienna tètè ń kún ju Hummer lọ nítorí èèyàn tó ń gbà kò pọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń wọ́n jù ú lọ. Iwájú lẹ ti máa rí wàhálà ẹ̀. Èèyàn 2 ni wọ́n máa ń tò sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì wà. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá náà ò dáa fún ẹni tó ga, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìlà àárín ni kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀ fún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Sọ̀ọ́lẹ̀

Ọkọ̀ tí kì í wọ gáréèjì, tó ń gba èrò létí títì, ni wọ́n ń pè ní sọ̀ọ́lẹ̀. Kò san owó lọ́ọ̀dù, kò sí ìlà tó ń tò sí, kò sì pọn dandan kó kún. Nítorí náà ló ṣe lè dín owó kù, tó sì lè gbéra lójú ẹsẹ̀. Òun náà ló ń mú kí àwọn tó wà nínú gáréèjì máa sáré jáde wá gba èrò lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á sì máa lu ara wọn lórí ẹ̀.

Ohun tó sọnù nínú ẹ̀ ni àkọsílẹ̀: kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ wọlé. Púpọ̀ nínú wọn, nọ́mbà ọkọ̀ ara ẹni ló wà lára wọn, lẹ́tà búlúù lórí funfun. Lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ akérò. Ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ara ẹni kì í sábà bo èrò tó sanwó, tí jàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ti ẹbí. One chance náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, ọ̀sán gangan ni. Ẹ ya nọ́mbà ọkọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sílé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí awakọ̀ rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń yà á. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ kò ní bínú. Ẹ má wọ ọkọ̀ tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ló kún inú ẹ̀ tó sì jẹ́ pé àyè tó ṣẹ́ kù fún yín wà láàárín wọn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀

Aago ni àwọn wọ̀nyí ń tà. Ẹ ó gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù tàbí ní ọ́fíìsì wọn, ẹ ó yan àga, wọ́n á kọ orúkọ yín àti nọ́mbà fóònù ẹbí yín sínú ìwé èrò. Owó wọn ń ju ti gáréèjì lọ. Bóyá ó tọ́ sí i tàbí kò tọ́ sí i, ìṣirò ni. Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é: gáréèjì ń gba ₦6,000, iléeṣẹ́ ń gba ₦8,000. Tí gáréèjì bá wà nítòsí ilé yín tí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ sì jìnnà, tẹ́ ẹ ní láti fi ₦3,000 wọ táksí dé ibẹ̀, ₦11,000 lẹ na nìyẹn, ẹ lè máà tètè dé ju ẹni tó lọ sí gáréèjì lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láago 10 ní Bódìjà, ₦2,000 yẹn kò wọ́n rárá.

Ibi tí iléeṣẹ́ ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni ọjọ́ tí èrò kò bá pọ̀. Ọkọ̀ aago 9 ní èèyàn 5, ti aago 10 ní èèyàn 7, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, ẹni tó ti dé láago 8:30 á sì jókòó sórí àga ráńpẹ́ títí di aago 10 kọjá. Nítorí náà, ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ yàn, òun ló sábà máa ń kún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ máa gbéra tí kò bá kún, ìwọ̀n ẹrù tí wọn ò ní gbowó lé, àti bóyá ẹ lè yí ọjọ́ padà tẹ́ ẹ bá pẹ́. Ẹ gba ìdáhùn èyí tó kẹ́yìn yẹn lákọsílẹ̀.

Ẹ má fi àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó wà ní Jíbówú dáwọ́ lé ìrìn yìí láìbéèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sí Ọ̀níṣà, Òwérì àti Ẹnúgù. Ṣágámù ni wọ́n ti ń yà sí ọ̀nà Òrè, wọn ò ní kan Ìbàdàn.

Rélùwéè

10 June 2021 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágomejì sí ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Ó ń dúró ní Agége, Agbádó, Abẹ́òkúta àti ibòmíràn lọ́nà. Ẹ ka ìrìn náà sí wákàtí 2 àti ààbọ̀ sí 3. Kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nínú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fa báàgì yín.

Ìgbà tó ń rìn lóòjọ́ kò pọ̀, ẹni tó bá pàdánù ti àárọ̀ ti pàdánù àárọ̀ nìyẹn. Mọ́níyà náà jìnnà sí Challenge àti Ring Road. Ẹni tó ń gbé Yábá tàbí Agége, tó sì ń lọ sí Òjóò, Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Mọ́níyà fúnra ẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ti Berger ń lọ sí Mọ́lété, ẹ jẹ́ kó wọ mọ́tò.

Ọjọ́ àti wákàtí

Ìrọ̀lẹ́ Friday, Èkó ló ń tú sí Ìbàdàn. Ìrọ̀lẹ́ Sunday àti ìdájí Monday, Ìbàdàn ló ń tú sí Èkó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ní àwọn ìgbà yẹn, awakọ̀ ló ni ọjà, owó á gun òkè, kò sì sẹ́ni tó máa bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ pé òdìkejì lẹ ń lọ, bí àpẹẹrẹ láti Berger sí Ìbàdàn láàárọ̀ Monday, ọkọ̀ tó ń padà lófìfo ń wá yín lójú méjèèjì. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ná owó sọ̀ọ́lẹ̀.

Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìpàdé òru ńlá máa ń wà ní Redemption City, ọ̀nà á sì dí láti Mọ́wé. Saturday àkọ́kọ́ ni ti Prayer City lẹ́bàá Ìbàfo. Ẹ gbéra kí aago 12 ọ̀sán Friday yẹn tó lù, tàbí kẹ́ ẹ wọ rélùwéè. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú lè gba Ìkòròdú sí Ṣágámù, á bọ́ sórí títì ńlá lẹ́yìn tí wàhálà Mọ́wé ti kọjá.

Ọkọ̀ fúnra ẹ̀

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ya àwòrán nọ́mbà ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn, torí tiwájú ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú. Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT. Nọ́mbà 4 tó gbẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2019. Táyà tó bá ti ju ọdún 4 lọ, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, kò fẹ́ kí èèyàn máa lò ó mọ́, bó ti wù kí ojú ẹ̀ ṣì yọ tó. Ọjọ́ orí àti ooru ń gbẹ rọ́bà ẹ̀, kódà níbi tí ojú ò tó. Tẹ́ ẹ bá rí wáyà tàbí ibi tó wú bí eéwo, ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹ fetí sí ohun tí awakọ̀ ń ṣèlérí náà. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó kìlómítà 127. Eré tí òfin gba ọkọ̀ akérò láyè lórí ẹ̀ ni kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ní "wákàtí kan péré" lòun máa fi gbé yín débẹ̀ ń sọ pé òun máa sá ju 120 lọ, láìdúró níbì kankan, láàárín àwọn tírélà Ogere. Awakọ̀ gáréèjì tó pẹ́ kó tó kún ló sábà máa ń sáré bẹ́ẹ̀, kó lè padà wá tò sórí ìlà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá ti ń sáré jù, kí èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, á ní ẹ̀rù ló ń bà á. Nọ́mbà FRSC ni 122.

Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà? Iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ pe nọ́mbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ gáréèjì ló máa wá ọkọ̀ tó máa gbé yín dé, tó sì máa sanwó ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa wá ọkọ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa sọ fún pé owó ti tán lọ́wọ́ òun.

Ibi tí wọ́n máa já yín sí

Ẹ bá wọn dì í mú kẹ́ ẹ tó gbéra. Toll Gate ni ọkọ̀ ti ń wọ Ìbàdàn. Níbẹ̀, èyí tó ń lọ Challenge á yà, èyí tó ń lọ Ìwó Road àti Òjóò á máa bá títì ńlá lọ. Agbèrò tó ń pe méjèèjì pọ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan lòun máa dé, á sì já ìyókù sí Toll Gate kí wọ́n fi owó ara wọn wọ Micra. Orúkọ ibùdókọ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbà lẹ́nu awakọ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ agbèrò kì í kọjá ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Ẹ mú owó tó pé lọ́wọ́, kí wọ́n má baà so yín pọ̀ mọ́ àjèjì nítorí ṣéńjì. Tẹ́ ẹ bá sọ̀, kí ọkọ̀ má kúrò títí ẹ ó fi ka ẹrù yín tán. Tí báàgì bá ṣì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwòrán nọ́mbà ọkọ̀ tẹ́ ẹ yà láàárọ̀ lẹ máa gbé lọ sí gáréèjì tí ẹ ti wọ̀ ọ́, wọ́n mọ ẹni tó san owó lọ́ọ̀dù lórí ẹ̀.