Bí mo ṣe fi owó kajú san owó bankruptcy mi láti Kabba

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ bankruptcy yìí, ìyẹn kéèyàn lọ sọ fún ìjọba Ìlú Ọba pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́ kí wọ́n lè pa á rẹ́, ń tì mí lójú díẹ̀ o, àmọ́ àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba tí gbèsè káàdì ti wọ̀ lọ́rùn ti ń bi mí ní kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ síta.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá lọ sí England. Nígbà tó di ọdún kejì, ilé iṣẹ́ tó mú mi lọ ò rí iṣẹ́ fún wa ṣe mọ́, ọ̀sẹ̀ míì wákàtí méjìlá, ọ̀sẹ̀ míì kò tó bẹ́ẹ̀, owó ilé ò sì mọ̀ pé kò síṣẹ́, mo wá ń fi káàdì kan san ti èkejì títí gbogbo ẹ̀ fi kún. Ìgbà tí mo fi máa padà sílé, mo ti jẹ ju £19,000 lọ. Mo rò pé tí n bá ti dé Kabba, ó tán. Tán kẹ̀? Íméèlì ni wọ́n fi dógò tì mí, àárọ̀ lálẹ́, títí kan ìgbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo lọ bá àwọn StepChange, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran àwọn onígbèsè lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń gbani nímọ̀ràn, ẹ má lọ sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó ti gbé England láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì lè lo òfin ibẹ̀ láti fi bọ́ nínú gbèsè, kódà tó bá ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní DRO (Debt Relief Order), tí wọ́n fi ń pa gbèsè ẹni tí ò ní nǹkan púpọ̀ rẹ́, pé láti April 2024 wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ mọ́, gbèsè tí ò bá ti ju £50,000 lọ, ó wọlé. Mo ti fẹ́ máa jó. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí n ka ohun tí mo ní, níbikíbi láyé. Mo ní ilẹ̀ kan lọ́nà Obajana, ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé England ni mo rà á, owó ẹ̀ sì ju £2,000 tí DRO gbà lọ. Bí DRO ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, ó wá ku bankruptcy.

£680 ni owó ẹ̀. £130 ni ti adjudicator tó máa wo ìwé yín, £550 tó kù ni ti official receiver, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa bójú tó gbèsè àti ohun ìní yín. Pọ́ùn kan ń lọ sí bíi ẹgbẹ̀rún méjì náírà nígbà yẹn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Màmá mi ní, "Ẹni tí ò rówó san gbèsè, ó tún gbọ́dọ̀ sanwó kó tó sọ pé òun ò lówó?" Mi ò rí nǹkan fèsì.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbà á díẹ̀díẹ̀ o. Ẹ máa ṣí fọ́ọ̀mù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa kọ ọ́ lọ́sàn-án lóru bó bá ṣe wù yín, ẹ sì máa sanwó síbẹ̀, kódà £5 wọ́n á gbà á, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wò ó títí gbogbo owó ẹ̀ á fi pé. Káàdì náírà mi kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Leeds ló bá mi yanjú ẹ̀, màá fi náírà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Lokoja, ọ̀rẹ́ mi á wá fi káàdì tiẹ̀ san án ní Leeds. Ìgbà kan tó sú mi, mo ní kí n yá owó lórí áàpù kí n fi parí ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi yìí pariwo mọ́ mi lórí fóònù pé ṣé orí mi pé, kí n máa yáwó nígbà tí mo mọ̀ pé mi ò lè san án, official receiver á bi mí nípa ẹ̀.

Kajú ló yọ mí. Láti February ni èmi àti màámi ti ń lọ sóko lọ́nà Iyara, ká máa ṣa èyí tó já bọ́, ká yí kóró kúrò lára ẹ̀, ká sá a. Omi ẹ̀ ba gbogbo aṣọ mi jẹ́, àbàwọ́n ẹ̀ ò lọ títí dòní. Oníbàárà á gbé ìwọ̀n dé, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, màámi á ní "gbé ọwọ́ ẹ kúrò", wọn á tún un wọ̀n. Ibẹ̀ ni £40 ti ń jáde, £70 ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ló fẹ́ dájà sílẹ̀. Màámi ní kí n kọ ọ́ sórúkọ àbúrò mi kí n tó fọwọ́ sí nǹkankan. Mo ní rárá o, wọ́n lè wo ẹ̀yìn tó ọdún márùn-ún láti mọ ohun téèyàn fi tọrẹ, ìyẹn á wá dìjàngbọ̀n gidi. Ó bínú fún ọjọ́ méjì.

Ní June, owó pé. Mo ka fọ́ọ̀mù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí ṣáájú kẹ́ẹ tó fi ránṣẹ́ ẹ ṣì lè gba owó yín padà, tó bá ti lọ tán, £130 yẹn lọ nìyẹn, kódà kí wọ́n kọ̀ yín. Adjudicator ní ọjọ́ 28 láti dáhùn, tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ti wà nínú ìwé ìjọba wọn báyìí, gbogbo ayé lè wò ó, tí ò bá sí wàhálà, lẹ́yìn oṣù méjìlá wọ́n á tú mi sílẹ̀ nínú bankruptcy náà.

Official receiver ti pè mí. Ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dáa, ibẹ̀ ni mo dúró sí fún wákàtí kan gbáko. Ó ní kí n fi rísíìtì ilẹ̀ ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, àbúrò mi ní tí wọ́n bá fẹ́ tà á òun á rà á níye tó tọ́ sí i. Wọn ò tíì sọ nǹkankan. Màámi ti lọ gbin àgbàdo síbẹ̀, ó ní kí n sọ fún òyìnbó yẹn pé kó jẹ́ kó gbó ná.