Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ

Ẹ̀yin òbí wa n'Íjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù tí ẹ ń kó ọmọ lọ Kánádà, ẹ kú ìmúra o. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ní Ontario, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, ilé ẹ̀kọ́ á béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ èéyi, rọpárọsẹ̀, ipá àti yírunyírun. Bí omi bá ti ba káàdì jẹ́ tí déètì ò hàn mọ́, ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti gún un, kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀.

Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín kíláàsì lọ́hùn-ún. Ọmọ tó ti fo kíláàsì níbí lè rò pé wọ́n já òun sílẹ̀ ni. Ẹ tètè ṣàlàyé fún un.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní settlement worker nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni fẹ́ni tó bá ní ìwé ìgbélùú (permanent residence).